Ta ni P.Beauv. tó wà nínú àkámọ́ yẹn?

Àṣìṣe mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí ní Òṣogbo má baà ní mo fi pamọ́.

Tíṣà báyọ́ kan ló gbé iṣẹ́ pátákó mẹ́rìnlá wá fún mi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Páànù kéékèèké ni, tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ òpó nídìí àwọn igi ọgbà ilé ìwé wọn, kí àwọn ọmọ lè máa ka orúkọ igi bí wọ́n bá ń kọjá. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Láti ìgbà tí fẹ́lẹ́ẹ̀sì ti gba ìlú, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù àti "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419" ló kù fún àwa tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun.

Nínú ìwé tí tíṣà kọ fún mi, orúkọ Yorùbá wà lókè, Látìn wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn Látìn sì ni àwọn ìgékúrú kan wà tí n kò mọ orí wọn, n kò mọ ìdí. Nígbà tí mo dé orí akòko, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí: Newbouldia laevis (P.Beauv.) Seem. Mo wo páànù, mo wo ìwé. Àyè kò tó. Mo ní lọ́kàn ara mi pé èyí tó wà nínú bùrákẹ́ẹ̀tì yìí, bóyá ẹni tó yá tíṣà níwèé ni. Mo yọ ọ́. Mo yọ Seem. náà. Mo tún bá a lára obì àbàtà, mo tún yọ ọ́. Kí n tó dé orí orúrù, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, gbogbo ohun tó bá ti ń jáde lẹ́yìn Látìn ni mò ń gé sọnù.

Lọ́jọ́ tí tíṣà wá kó iṣẹ́, ó to gbogbo rẹ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fíà, ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró níwájú akòko.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá rẹ̀ dà?"

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá ewé. Ẹ ti yọ bàbá kúrò lára ọmọ."

Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì ọ̀dà, ó là mí lọ́yẹ. Bó ṣe yé mi nìyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ewé kan nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, tó sì fún un ní orúkọ Látìn, orúkọ onítọ̀hún ni wọ́n á máa gé kúrú tẹ̀ lé orúkọ ewé náà títí láé. Bí ẹlòmíràn bá wá dé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, tó ní agbo ilé tí ẹ fi ewé yìí sí kọ́ ni agbo ilé bàbá rẹ̀, ó lè gbé e lọ síbòmíràn, àmọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ á wọnú àkámọ́, ẹni tó gbé ewé kiri á dúró síta. Agbo ilé Spathodea, níbi tí orúrù wà, ni P.Beauv., ìyẹn Palisot de Beauvois, fi akòko sí ní tirẹ̀. Seem. yẹn ni Seemann, ará Jámánì, òun ló gbé e lọ sí agbo ilé Newbouldia. Newbould fúnra rẹ̀, pásítọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ewé ni. Ẹ bá mi wò ó: ewé tí wọ́n fi ń jẹ oyè ní ààfin Àtàọ́ja, orúkọ pásítọ̀ òyìnbó ló ń jẹ́ nínú ìwé.

Obì àbàtà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. P.Beauv. pè é ní Sterculia acuminata. Ní 1832, Schott àti Endlicher ní Vienna gbé e lọ sí Cola. Orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú igi mẹ́rìnlá, nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Òṣogbo! Akòko tí a fi ń joyè, obì tí a fi ń bọ, orúrù tí àwa ọmọ fi ń fọ́nmi síra wa lójú.

Mo fi táínnà nu páànù mọ́kànlá, mo tún wọn kùn ní funfun, mo tún fi ẹfun fa ìlà. Tíṣà kò fi kọ́bọ̀ lé e, n kò sì bèèrè.

Màámi ń ta ewé àti egbò ní Ọjà Ọba. Lọ́sẹ̀ tí oyè bá wà nílùú, akòko ló máa ń kọ́kọ́ tán níwájú wọn. Bí wọ́n ṣe ń dì í, mo lè fojú inú rí i níbi tí mo jókòó sí yìí: ewé tútù, tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, etí rẹ̀ rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí eyín ayùn. Wọ́n á to ìdí rẹ̀ papọ̀, wọ́n á fa ìko kan yọ, bó bá ti gbẹ jù wọ́n á kì í bọ ẹnu kó lè rọ̀, wọ́n á wá yí i mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ wọn kì í dúró bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Màámi, òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Palisot de Beauvois."

"Ẹ̀n."

"Òun ló sọ akòko lórúkọ."

"Akòko tí mò ń tà yìí? Ṣé kò lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Orúkọ tí gbogbo ayé á máa pè é ni, Màámi."

Wọ́n so ìdì kan tán kí wọ́n tó dáhùn. "Ó dáa, Àkànní. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ, owó ló ń fi sínú abọ́. Kí lòun fi síbẹ̀?"

N kò lè dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ló mú mi jókòó ti fóònù ní alaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Orúkọ rẹ̀ lódindi gùn bí ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ wọ Stéṣọ̀n: Ambroise Marie François Joseph Palisot de Beauvois. Arras ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i ní 1752. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó ṣe lọ́yà ní Paris, ó sì di ipò kan mú nínú gbígba owó ilẹ̀ àti igbó ọba. Ní 1777 ìjọba fagi lé ipò náà. Iṣẹ́ bọ́, ó wá kó gbogbo ara lé ewé. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá sọ ohun tó ń wù ú di iṣẹ́: èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, ká ní mo lówó nílé bíi tirẹ̀.

Àsìkò náà sì fà á. Linnaeus ará Sweden ti gbé ètò orúkọ Látìn méjì-méjì kalẹ̀ fún ewé ní 1753, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù wá ń wá ewé tí kò tíì lórúkọ kiri bí àwọn ènìyàn ṣe ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà. Ẹni tó bá rí tuntun, orúkọ tirẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e. Palisot fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì tẹ̀. Ní 1786 ó bá ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Landolphe wọ ọkọ̀, wọ́n dorí kọ ibi tí ìwé rẹ̀ pè ní Oware.

Oware yẹn dà mí láàmú fún ọjọ́ mẹ́ta. Àṣé Ìwẹrẹ ni! Ìwẹrẹ, ilẹ̀ àwọn Ìtsẹkírì, Warri tí à ń wọ mọ́tò lọ. Èdè wọn àti tiwa jọ jẹ́ ẹbí. Ọmọ ọba Ìwẹrẹ kan tí Landolphe ti mú lọ sí Faransé tẹ́lẹ̀ ló ń padà sílé nínú ọkọ̀ kan náà. Palisot dé Ìwẹrẹ, ó dé Bìní, ó lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ láàárín omi àti igbó.

Bí wọ́n ṣe ń pa ewé mọ́ ni kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí ó jọ iṣẹ́ tèmi. Ẹ óò já ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó, bó bá ní èso ó tún sàn. Ẹ óò tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, ẹ óò gbé nǹkan wúwo lé e kó lè pẹlẹbẹ. Ìwé náà á fa omi ewé mu. Bí ẹ kò bá yí ìwé gbígbẹ sí i lọ́jọ́ kejì, ewú á bò ó, ewé á dúdú, òdòdó á já. Ẹni tó bá ti kun páànù rí ní oṣù Keje, tó ń wojú òjò, á mọ irú ogun tí ọkùnrin yìí ń jà nínú irà Ìwẹrẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti tutù. Èyí tó bá gbẹ dáadáa, ó ń kó nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Paris, sọ́dọ̀ Jussieu, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ewé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibà kọlù wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wá kò padà. Òun náà dùbúlẹ̀ àìsàn, ní 1788 ó kúrò, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Saint-Domingue, tí à ń pè ní Haiti lónìí, tó jẹ́ ti Faransé nígbà náà.

Ọkọ̀ tó wọ̀ lọ, ọkọ̀ ẹrú ni.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ewé tó gbẹ wà lókè, àwọn ènìyàn wà nísàlẹ̀. Bóyá n kì bá sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí, torí aláìsàn kì í ṣa ọkọ̀. Ohun tó ṣe nígbà tó gbádùn ni kò bọ́ lọ́rùn mi. Nígbà tó dé Saint-Domingue, ó bọ́ sí ipò ọlá láàárín àwọn olóko, ó sì ń kọ̀wé tako àwọn tó fẹ́ kí òwò ẹrú dópin. Ẹni tó ti jẹun ní Ìwẹrẹ, tó ti sùn ní Bìní! Mo pa fóònù dé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti ń gbọ́ ẹnìkan tó fẹ́ ní ayé ìgbà yẹn ni. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ayé ìgbà yẹn náà ni wọ́n wà. Ọdún 1788 tí Palisot gorí ọkọ̀ yẹn gan-an ni àwọn Faransé kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Paris tí wọ́n pè ní Ọ̀rẹ́ Àwọn Aláwọ̀ Dúdú, láti tako òwò náà. Nítorí náà kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 1791, àwọn ẹrú Saint-Domingue dìde. Palisot lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà láti wá ìrànlọ́wọ́ fún àwọn olóko, kò sì rí ohun tó wá lọ gbà. Ó padà dé ìlú Cap-Français ní oṣù Kẹfà 1793, oṣù tí iná jó ìlú náà. Iná yẹn jó ohun tó kó jọ. Nílé wa níbí, ilé ìṣòwò tí Landolphe kọ́ sẹ́nu odò Bìní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bà á jẹ́ láti 1792. Ó tún sá padà sí Philadelphia lọ́wọ́ òfo, kò sì lè wọ ìlú rẹ̀, torí ìjọba tuntun ní Faransé ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó sá nílùú.

Bó ṣe di olórin nìyẹn. Lọ́yà, ọmọ olówó, ó ń bá ẹgbẹ́ eléré ẹṣin lo ohun èlò orin kó tó lè jẹun. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ìkà díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà Peale, ẹni tó ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí níbẹ̀, fún un níṣẹ́ kí ó to àwọn ẹranko àti ẹyẹ rẹ̀ ní ìdílé-ìdílé. Ìwé tí àwọn méjèèjì jọ ṣe lórí rẹ̀ jáde ní 1796. Ní 1798 ni Faransé gbà á padà.

Ẹ rántí ewé gbígbẹ tó ti fi ránṣẹ́ sí Jussieu. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ iná nìyẹn. Láti 1804 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé Ìwẹrẹ àti ti Bìní jáde ní ìpín-ìpín, pẹ̀lú ọgọ́fà àwòrán aláwọ̀. Wọ́n ti ya gbogbo ojú ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé àwọn tó yà á mọṣẹ́: iṣan ewé kan kò ṣìnà.

Inú ìwé yẹn ni akòko, obì àti orúrù ti gba orúkọ Látìn. Igi ògùrọ̀ náà wà níbẹ̀. Raphia, orúkọ tí gbogbo ìdílé rẹ̀ ń jẹ́, òun ló fi lé e. Ìko tí Màámi ń kì bọ ẹnu wá láti ara igi yẹn, tó fi jẹ́ pé àti ìdì àti okùn, ọwọ́ Palisot ti kàn án. Ó tún rí òdòdó igi kan tó rí bí adé, ó sọ ọ́ lórúkọ Napoleon, Napoleonaea imperialis bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí. 1804 ni, ọdún tí Napoleon fi adé lé orí ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òyìnbó kì í ki ọba kó lè rí ọ̀nà jẹ, ẹ fi ewé yẹn hàn án.

Ní 1806, Adanson kú, wọ́n sì fi Palisot sí àyè rẹ̀ ní Institut, àárín àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé wọn. Adanson yìí ló lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà ní 1749, òun ni Linnaeus fi orúkọ rẹ̀ sọ igi oṣè ní Adansonia. Oṣè wà lára pátákó mẹ́rìnlá mi. Palisot tún ṣe ìwé lórí koríko ní 1812, ó ń tẹ òmíràn lórí kòkòrò jáde lọ́wọ́, ó kú ní Paris ní 1820.

Mo padà sí Ọjà Ọba, mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Wọ́n ń ṣa ẹfínrín, wọ́n ń yọ èyí tó ti pọ́n kúrò.

"Ó fi ibà síbẹ̀, ó fi iná síbẹ̀. Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú ọkọ̀, ta ló mú un wọgbó?"

"Àwọn ará ibẹ̀ náà ni, Màámi."

"Ta ló fi akòko hàn án? Ta ló gun obì?"

"Màámi, kò sí orúkọ wọn lára pátákó."

"Mi ò bi ọ́ ní ti pátákó."

Ìyàwó ilé kan dé, ó ń ná ewúro, ọ̀rọ̀ wa já síbẹ̀. Kí n tó lọ, wọ́n ní kí n fi bí mo ṣe kọ akòko han àwọn. Màámi kò kàwé lọ títí, wọ́n ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò sí níbi tí mo rò. Wọ́n ní lẹ́tà Yorùbá kéré sí ti òyìnbó. Bí tíṣà ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ni mo ṣe é. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tún gbé táínnà.

Mẹ́tàlá ti gbẹ. Gbogbo wọn, Yorùbá wọn ga ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, Látìn ga ní ìwọ̀n ìka kan, (P.Beauv.) sì wà níbi tó yẹ lára akòko àti obì, kékeré, ní dúdú. Bí tíṣà bá fẹ́ bínú, kó bínú. Orúrù ló kù, ó wà lóòrùn níta báyìí, ẹfun tí mo fi fa ìlà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé e kúrò ní agbo ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Kò ní àkámọ́.